Ẹ̀KỌ́ KEJÌDÍNLÓGÚN: ỌPỌLỌ, ALÁKÒÓSO ARA

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ka ọ̀rọ̀ méjì yìí sókè: ọpọlọ, ọ̀pọ̀lọ́. Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ohùn wọn yàtọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ni ẹranko kékeré tí ó ń fò káàkiri etí omi nígbà òjò. Ọpọlọ ni ohun tí ó wà nínú orí wa, tí a fi ń ronú. Kí ni ó jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà? Etí yín gbọ́ ohùn náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí kò mọ ìtumọ̀. Ọpọlọ yín ni ó mọ̀ ọ́n. Nípa ọpọlọ yìí ni a ó kọ́ ẹ̀kọ́ lónìí.

Bí ọpọlọ ti rí

Inú agbárí ni ọpọlọ wà. Egungun ni agbárí, ó sì le, nítorí pé ohun tí ó ń dáàbò bò kò le rárá. Ọpọlọ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ara rẹ̀ kò tẹ́jú. Ó ká mọ́ra bí aṣọ tí a rún pọ̀ sínú àpò kékeré. Ọpọlọ àgbàlagbà wọ̀n tó nǹkan bíi kílógíráàmù 1.3 sí 1.4. Kò ju ìpín 2 lọ nínú ìpín 100 ìwọ̀n ara. Síbẹ̀, bí a bá pín agbára tí ara ń lò nígbà ìsinmi sí ọ̀nà márùn-ún, ọpọlọ nìkan ni ó ń gba nǹkan bí ìpín kan. Ẹ rí i pé ọ̀jẹun ni! Ìdí nìyí tí ọmọ tí kò jẹun láàárọ̀ kì í fi lè fi ọkàn sí ẹ̀kọ́ dáadáa.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké, tí ojú lásán kò lè rí, ni ó para pọ̀ di ọpọlọ. Àwọn tí ń gbé iṣẹ́ lọ gbé iṣẹ́ bọ̀ nínú wọn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86. Láti inú ọpọlọ ni mùdùnmúdùn ti gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sísàlẹ̀, tí àwọn okùn tín-ín-rín sì ti tàn káàkiri ara. Bí ẹ̀gún bá gún ọmọ kan lẹ́sẹ̀ lọ́nà oko, iṣẹ́ yóò sáré gba inú okùn wọ̀nyí. Mùdùnmúdùn yóò kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí ẹsẹ̀ gbéra. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó dé ọpọlọ, tí ọmọ náà fi mọ̀ pé ó dun òun, tí ó sì ké pé, "Yéè!"

Ohun ìyanu kan tún wà. Apá òsì ọpọlọ ni ó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Apá ọ̀tún ọpọlọ ni ó sì ń darí ti òsì.

Ojú ń wò, ọpọlọ ni ó ń rí

Ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara dà bí oníṣẹ́ tí ń mú ìròyìn wá sílé. Ọpọlọ ni baálé tí ó ń gbọ́ ìròyìn náà, tí ó sì ń sọ ohun tí ó jẹ́. Nígbà mìíràn, kì í dúró kí ìròyìn pé kí ó tó dájọ́. Ó ń lo ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ láti fi parí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí a rí okùn kan lójú ọ̀nà, a lè fò sẹ́yìn pé ejò ni. Ojú kò purọ́. Ọpọlọ ni ó yára dájọ́ kí ewu má bàa bá wa. Àwọn baba wa ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àyẹ̀wò kan. Ẹ gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀. Ẹ bu omi tútù sínú àkọ́kọ́, kí ẹ bu omi tí kò gbóná tí kò tutù sínú ìkejì, kí ẹ sì bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ìkẹta. Omi ìkẹta kò gbọdọ̀ gbóná tó èyí tí yóò jó ọwọ́. Ẹ ki ọwọ́ kan bọ inú omi tútù, kí ẹ ki ìkejì bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ kà dé 60. Ẹ wá ki ọwọ́ méjèèjì bọ abọ́ àárín lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ kan yóò sọ pé omi náà gbóná, ìkejì yóò sọ pé ó tutù. Bẹ́ẹ̀ omi kan náà ni! Kì í ṣe bí omi ti gbóná tó gan-an ni ọpọlọ ń kíyè sí jù, bí kò ṣe ìyàtọ̀ láàárín ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí.

Gbogbo ọmọ Owódé ni ó mọ ìrẹsì Ọ̀fàdà, nítorí pé ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, Ọbáfẹ́mi-Owódé, ni Ọ̀fàdà àti Owódé wà. Òórùn rẹ̀ nìkan tó láti mú kí itọ́ sun ní ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ọ̀fìnkìn bá dí wa nímú, ìrẹsì yìí kì í dùn mọ́. Ahọ́n kò ní àìsàn kankan. Ọpọlọ ni ó máa ń da ìròyìn imú pọ̀ mọ́ ti ahọ́n kí ó tó pè é ní adùn. Bí ìròyìn imú kò bá dé, adùn kò pé.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ó rọrùn fún wa láti mọ èyí tí ó jẹ́ ti ìyàwó, èyí tí a fi ń roko, èyí tí a ń wọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, àti èyí tí àwọn jagunjagun ìgbàanì ń jù. Ó lè ṣòro fún àlejò tí èdè rẹ̀ kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ di. Ọmọ ọwọ́ lè gbọ́ ìyàtọ̀ ìró oríṣiríṣi èdè ayé. Ṣùgbọ́n kí ó tó pé ọmọ ọdún kan, ọpọlọ rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìró èdè tí wọ́n ń sọ sí i nílé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bá ọmọ rẹ̀ sọ Yorùbá láti kékeré ti fún un ní ẹ̀bùn ńlá.

Ìrántí

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ kan ní iyè nínú, èyí ni pé kì í tètè gbàgbé nǹkan. Ìrántí pé oríṣiríṣi. Bí ìyá bá rán ọmọ lọ sí ọjà Owódé pé kí ó ra iyọ̀, epo, ata àti edé, ọmọ náà lè máa pè wọ́n lẹ́nu bí ó ti ń lọ. Bí ọ̀rẹ́ kan bá pè é lọ́nà, ó lè dé ọjà kí ó gbàgbé edé. Ìrántí ìgbà díẹ̀ nìyí. Àyè rẹ̀ kò gbà púpọ̀, ohun díẹ̀ sì lè dà á rú. Ìrántí ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ó ń jẹ́ kí a mọ orúkọ ara wa, oríkì ilé wa àti ọ̀nà ilé-ìwé wa.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tí ń jẹ́ Henry Molaison. Wárápá ń yọ ọ́ lẹ́nu gidigidi. Ní ọdún 1953, àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì yọ ẹran díẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọpọlọ rẹ̀. Wárápá náà dínkù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò lè fi ohun tuntun sí iyè mọ́. Bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ bá jáde tí ó sì padà wọlé, yóò kí i bí àlejò tuntun. Ó ṣì rántí ìgbà èwe rẹ̀. Ohun ìyanu ni pé, nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní yíya àwòrán ìràwọ̀ nínú dígí, ọwọ́ rẹ̀ ń já fáfá sí i lójoojúmọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rántí pé òun ti yà á rí. Báyìí ni ó wà títí ó fi kú ní ọdún 2008. Láti ara rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú ìtàn sí yàtọ̀ sí ibi tí ó ń tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ sí. Èyí ni ó fi jẹ́ pé aládìrẹ ní Ìtòkú lè máa bá ẹni sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa di aṣọ lọ láìṣìṣe.

Ọpọlọ kì í tọ́jú nǹkan bí fọ́tò. Ní gbogbo ìgbà tí a bá rántí nǹkan, ńṣe ni ọpọlọ ń tún un tò. Nítorí náà ọmọ méjì lè wo ìjà kan náà, kí wọ́n sì ròyìn rẹ̀ lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó má sì sí òpùrọ́ nínú wọn. Ẹ má ṣe yára pe ọ̀rẹ́ yín ní òpùrọ́.

Àwọn ọmọ kan máa ń wá ìsọ̀yè kiri bí ìdánwò bá ń bọ̀. Ìsọ̀yè tí ó dájú nìyí: ka ẹ̀kọ́ rẹ, pa ìwé dé, kí o sì bi ara rẹ léèrè ohun tí o kà. Tún un ṣe lọ́la, tún un ṣe lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí àwọn akígbe oríkì àti àwọn ọmọ awo tí ń kọ́ Ifá ti ń ṣe nìyẹn. Wọn kì í kọ́ ọ tán lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń wí i, tí wọ́n ń tún un wí, níwájú ọ̀gá wọn.

Oorun

Bí a bá sùn, ọpọlọ kì í sùn bí òkúta. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń to ohun tí a kọ́ lójú ọjọ́ sí àyè wọn, ó ń fi ìdí àwọn kan múlẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí àwọn mìíràn lọ. Nínú oorun ni a ti ń lá àlá. Nínú oorun ni ara ọmọdé ti ń rí ohun tí ó fi ń dàgbà. Ọmọ ọdún 6 sí 12 gbọ́dọ̀ sùn fún wákàtí 9 sí 12 láàárín ọjọ́ kan. Bí ọmọ bá sùn ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí ó jí ní agogo mẹ́fà àárọ̀, wákàtí 9 péré ni ó sùn. Èyí tí ó bá wo tẹlifíṣàn tàbí fóònù di agogo mọ́kànlá ti jí oorun ara rẹ̀ gbé.

Bí a ti ń pẹ́ lójúfò ni ohun kan ń kó jọ nínú ọpọlọ tí ó ń sọ pé ó ti rẹ̀ wá. Èròjà kan wà nínú obì àti kọfí tí ó ń dí ọ̀nà mọ́ ìròyìn náà. Nítorí náà ẹni tí ó jẹ obì kò ní í tòògbé, ṣùgbọ́n àárẹ̀ náà kò lọ. Ó kàn fara pamọ́ ni.

Ohun tí dókítà kan rí ní Arò

Ní òpin àwọn ọdún 1950, dókítà ará Kánádà kan tí ń jẹ́ Raymond Prince ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Arò, ní Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní orí ń gbóná àwọn, tàbí pé ó dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá gbé ìwé, ojú àwọn ń ṣú, ohun tí àwọn kà kò sì yé àwọn. Wọ́n fún àìsàn náà ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, brain fag, èyí ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Prince kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1960.

Kí ni ó fa á? Ẹrù tí ó wà lórí àwọn ọmọ náà wúwo. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni ó kó owó jọ láti rán ẹnì kan ṣoṣo lọ sí ilé-ìwé, gbogbo ilé sì ń wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á kí ó má fìdí rẹmi. Àwọn kan ń kàwé mọ́jú, wọ́n ń lo ohun tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Kì í ṣe pé ìwé ba ọpọlọ wọn jẹ́. Àníyàn àti àìsùn ni ó pọ̀ jù fún wọn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fífi ilé-ìwé sílẹ̀ kọ́ ni ìwòsàn. Bí ìdánwò bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ sọ fún òbí tàbí olùkọ́ yín. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, kí ẹ sì sùn ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìdánwò.

Ọpọlọ àti ìwà

Apá iwájú ọpọlọ ni ó ń bá wa ro ọ̀rọ̀ kí a tó ṣe é. Òun ni ó ń sọ pé, "Dúró ná." Ṣùgbọ́n apá yìí kì í tètè gbó. Ó tó ọmọ ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó dàgbà tán. Nítorí èyí ni ọmọdé fi máa ń sáré gba títì kọjá láìwo ọ̀tún wo òsì, tí inú sì máa ń tètè bí i. Àwọn òbí àti olùkọ́ ni ó ń bá ọmọ ronú títí tirẹ̀ yóò fi gbó.

Síbẹ̀, a lè kọ́ ọpọlọ. Ohun tí a bá ń ṣe lójoojúmọ́ ni ó ń di bárakú. Bí inú bá bí ọ, kà dé 10 kí o tó fèsì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, yóò nira. Bí ó bá pẹ́, yóò mọ́ ọ lára. Inú bíbí kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà.

Nígbà tí ọpọlọ bá ń ṣàìsàn

Bí ikùn ti ń ṣàìsàn ni ọpọlọ ń ṣàìsàn. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé, tàbí kí wọ́n lé wọn jáde. Ní ọdún 1944, wọ́n dá ibùdó ìtọ́jú wọn sílẹ̀ ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ ogun tí ogun àgbáyé kejì ti da ọpọlọ wọn rú wà lára àwọn tí wọ́n tọ́jú níbẹ̀.

Ní ọdún 1954, ọmọ Abẹ́òkúta kan gba iṣẹ́ náà. Orúkọ rẹ̀ ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo. Ọdún 1923 ni wọ́n bí i. Ó lọ sí ilé-ìwé gíga àwọn ọmọkùnrin ti Onítẹ̀bọmi ní Abẹ́òkúta, ó sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó dé Arò, kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó bá àwọn àgbẹ̀ abúlé tí ó yí Arò ká sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé wọn. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan yóò mú ẹbí rẹ̀ kan wá, bóyá ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Wọn yóò lọ gba ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn, wọn yóò sì padà sí abúlé láti bá àwọn ará ibẹ̀ ṣiṣẹ́, jẹun, kí wọ́n sì ṣeré. Lambo tilẹ̀ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó mọ̀ pé bí a bá yọ ènìyàn kúrò láàárín ènìyàn, àìsàn rẹ̀ lè pọ̀ sí i.

Òkìkí ètò yìí kàn káàkiri ayé. Ní ọdún 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà àti òkè òkun ṣe àpéjọ ní Abẹ́òkúta. Lambo di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1968. Láti ọdún 1973 sí 1988, òun ni igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú ní ọdún 2004. Ilé-ìwòsàn Arò ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ òkò lu ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, ẹ má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wèrè dùn ún wò lọ́jà, kò ṣeé bí lọ́mọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?

Ẹ kíyè sí wárápá pẹ̀lú. Àìsàn ọpọlọ ni. Kì í ràn. Itọ́ ẹni tí ó ṣubú kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Bí ó bá gbé ọmọ kíláàsì yín ṣánlẹ̀, ẹ má ṣe sá. Ẹ kó ohun tí ó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ sí i lábẹ́ orí, kí ẹ sì yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe fi ṣíbí tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ má sì da àgbo sí i lẹ́nu. Ẹ ránṣẹ́ pe olùkọ́. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ilé-ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a jókòó lórí àga kan náà bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Bí a ṣe lè tọ́jú ọpọlọ wa

1. Ẹ jẹun láàárọ̀ kí ẹ tó lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́ dára fún ọpọlọ.
2. Ẹ tètè sùn, kí ẹ sì sùn sínú àpò ẹ̀fọn, nítorí pé ibà líle lè wọ ọpọlọ.
3. Bí ẹ bá gun ọ̀kadà, ẹ dé akoto. Agbárí le, ṣùgbọ́n kò le tó títì.
4. Ẹ má ṣe máa kan ara yín lórí nínú eré tàbí ìjà.
5. Ẹ yẹra fún igbó, ọtí àti oògùn olóró.
6. Ẹ máa kàwé, ẹ máa pa àlọ́, ẹ máa ta ayò. Ọpọlọ tí a ń lò ni ó ń mú.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TUNTUN

agbárí: egungun orí tí ó bo ọpọlọ
mùdùnmúdùn: ohun rírọ̀ tí ó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn
iyè: ibi tí a ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí nínú ọkàn, ìrántí
ìsọ̀yè: ohun tí wọ́n ní ó ń mú kí ènìyàn má gbàgbé nǹkan
bárakú: ìwà tí ó ti mọ́ni lára
akoto: adé líle tí a ń dé sórí nítorí ìjàǹbá

ÌDÁNRAWÒ

A. Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè yìí.
1. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín ọpọlọ àti ọ̀pọ̀lọ́?
2. Kí ni ìdí rẹ̀ tí oúnjẹ kì í fi dùn bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe wá?
3. Kí ni Henry Molaison kò lè ṣe mọ́ lẹ́yìn ọdún 1953? Kí ni ó ṣì lè kọ́?
4. Báwo ni obì ṣe ń lé oorun? Ṣé ó ń lé àárẹ̀ pẹ̀lú?
5. Kí ni ó dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Raymond Prince rí lágara?
6. Kí nìdí tí Dókítà Lambo fi fi àwọn aláìsàn sí ilé àwọn àgbẹ̀?

B. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí ó yẹ dí àlàfo.
1. Apá òsì ọpọlọ ni ó ń darí ọwọ́ ______.
2. Ọmọ ọdún 10 gbọ́dọ̀ sùn tó wákàtí ______ ó kéré tán.
3. Wárápá kì í ______ ènìyàn.

D. Ẹ fi àmì ohùn sí àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní in nínú gbólóhùn yìí: Baba gbe oko rẹ̀ wọ inu oko lọ si oko.

E. Ẹ parí òwe yìí, kí ẹ sì sọ ohun tí ó kọ́ wa nípa ọpọlọ: Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, ______.

Ẹ. Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ ṣe àyẹ̀wò abọ́ omi mẹ́ta nínú kíláàsì pẹ̀lú olùkọ́ yín. Ẹ kọ ohun tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sọ sínú ìwé yín.